Àwo omi tó fẹ́ jó ilé mi

Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín o. Ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ni, oòrùn ti ń gba ojú fèrèsé wọlé, èmi ń kàwé jẹ́ẹ́jẹ́ mi ní yàrá kejì. Òórùn nǹkan tó ń jó ló gbé mi dìde. Mo sáré dé ilé ìdáná, kò sí iná níbẹ̀. Mo fọwọ́ kan gbogbo ibi tí wáyà gbà kọjá, wọ́n tutù. Àfi bí mo ṣe rí èéfín tín-ín-rín lórí tábìlì.

Àwo dígí roboto kan ló wà níbẹ̀, omi kún un. Ìwé ìròyìn wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ kan tí kò tó èékánná ń tàn lára ìwé náà, ó mú débi pé n kò lè tẹjú mọ́ ọn, abẹ́ rẹ̀ sì ti dúdú. Mo gbé àwo náà: ó tutù nini! Ìyẹn ló dà mí láàmú jù. Kí ló wá jó ìwé?

Ìgbà tí ọkàn mi balẹ̀, mo tún gbé e síbẹ̀, mo fi páálí sẹ́yìn rẹ̀. Bí mo bá sún páálí jìnnà, ojú ìmọ́lẹ̀ á fẹ̀, á ṣe bàìbàì. Bí mo bá sún un mọ́ra, á kéré, á mú. Gbogbo ìtànṣán tó bọ́ sára àwo yẹn, ojú kan ṣoṣo ni omi ń tẹ̀ wọ́n darí sí. Àwo ò gbóná torí pé ṣe ni oòrùn kàn gba inú rẹ̀ kọjá. Ìwé ni kò jẹ́ kó kọjá, òun ló sì jìyà rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó rin nǹkan bíi 150 mílíọ̀nù kìlómítà, tó fi ìṣẹ́jú 8 ó lé díẹ̀ rìn ín, orí ìwé ìròyìn mi ló wá bínú sí!

*

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò mọ̀ pé mo fi odindi ọ̀sán kan wá iná yẹn tì. Awò ojú mi ni mo fẹ́ fi dá a. Ibi tó yẹ kí ìmọ́lẹ̀ ti pàdé, òjìji ni mo rí. Awò ẹni tí kò ríran jìnnà ni tèmi, ṣe ló ń fọ́n ìmọ́lẹ̀ ká. Ti màmá mi, tí wọ́n fi ń kàwé, ló ń kó o jọ.

*

Ní tèmi, ojú ọ̀run ni ìmọ́lẹ̀ ti tàn mí jẹ. Mo ń wakọ̀ lọ sápá ìwọ̀-oòrùn lálẹ́, iná kan ń tàn lókè níwájú mi. Mo ní ọkọ̀ òfuurufú ló ń bọ̀. Mo wakọ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú, ọkọ̀ ò dé, iná náà ò sì ṣẹ́jú bí ìràwọ̀. Àṣé Àgùàlà ni, pílánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní Venus! Èyí tí wọ́n ní ó ń bá oṣù rìn, tí wọ́n ṣebí ajá rẹ̀ ni. Kò ní iná tirẹ̀ o. Ìkùukùu tó bò ó ló ń dá nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ oòrùn padà. Òṣùpá tí a ń yìn yẹn, nínú 100, nǹkan bíi 12 péré ló ń dá padà. Ilẹ̀ rẹ̀ dúdú bí ọ̀dà títì. Nítòsí tó wà nítòsí wa ló fi borí.

Bàbá kan yá mi ní awò awọ̀nàjíjìn kí n fi wò ó. Oòrùn ò tíì wọ̀, mo ti gbé e sójú, mo ń wá Àgùàlà kiri. Ṣe ni bàbá yẹn gbá a kúrò lọ́wọ́ mi. Ẹ̀gbọ́n, ojú mi ni ì bá di ìwé ìròyìn yín. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, mo rí i: ó tẹ̀ kọrọdọ bí oṣù tuntun, bí Galileo, onímọ̀ ìràwọ̀ ará Ítálì, ṣe rí i ní 1610.

Ẹ jọ̀ọ́, ibi tó jó lára ìwé yẹn, ṣé roboto ni àbí ó fà gùn? Mo ń béèrè torí pé àwọn tó ń ṣọ́ ojú ọjọ́ ní irú rẹ̀, bọ́ọ̀lù dígí tó ń fi oòrùn jó ìlà sára káàdì. Campbell ló kọ́kọ́ ṣe é ní 1853, Stokes tún un ṣe ní 1879. Gígùn ìlà ni wọ́n fi ń mọ wákàtí tí oòrùn fi ràn.

*

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ yẹ̀ ẹ́ wò ni. Ó fà gùn. Tó ìdajì ìka.