Ọmọ mi ṣì ń tọ̀ sílé, àdúrà òwúrọ̀ mi sì ti di ìbínú

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ìyá àti bàbá mi nínú Olúwa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọkùnrin mi ti pé ọdún 6, ó ṣì ń tọ̀ sílé. Aago 5 ni mo máa ń jí gbàdúrà kí n tó lọ sọ́jà. Kí n tó kọ orin kan tán, màá gbọ́ ohùn rẹ̀: "Mọ́mì, ó ti tutù." Màá bọ́ aṣọ lára rẹ̀, màá ká bẹ́ẹ̀dìṣíìtì, màá gbé fóòmù lọ fi ti ògiri lẹ́yìnkùlé. Bí mo bá fi máa ṣe tán, ilẹ̀ ti mọ́.

Lánàá, mo gbá a létí. Kò sunkún. Ńṣe ló ń fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú fóòmù, bí ẹni pé á gbẹ. Mo padà lọ kúnlẹ̀, mi ò rí ọ̀rọ̀ kan sọ. Kí ni Ọlọ́run ń bá mi sọ nínú irú òwúrọ̀ báyìí? Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá ọmọ létí, ẹnu wo ni yóò fi pe orúkọ Jésù?

Ìyá Ìbejì: Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá wa. Ẹ ṣí Hóséà 11:3. Ọlọ́run ní òun kọ́ Éfúráímù, ìyẹn àwọn ọmọ Ísírẹ́lì, ní ìrìn, òun dì wọ́n mú lápá, wọn ò sì mọ̀ pé òun ló wò wọ́n sàn. Ọjọ́ tí mo ka ibẹ̀, aṣọ ìgbẹ́ ló kún inú báàfù níwájú mi. Mo sunkún. Ọmọ tí à ń kọ́ ní ìrìn á ṣáà ṣubú, Bàbá tó ń kọ́ ọ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó dì í mú. Mélòó ni Ó ti gbé èmi alára dìde! Lójú tèmi, aṣọ tí ẹ̀ ń fọ̀ yẹn gan-an ni àdúrà. Ẹ máa kọ orin yín lọ nídìí báàfù.

Bàbá Àgbà: Ọmọ mi, wọ́n so ọ̀pọ̀lọ́ mọ́ mi nídìí nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún 7. Àwọn ọmọ àdúgbò ń kọrin tẹ̀ lé mi. Mi ò tìtorí ẹ̀ ṣíwọ́, oorun ni mo wá ń bẹ̀rù. Ọmọ kì í mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, ó sì máa ń wà nínú ẹbí. Bi bàbá rẹ̀ wò. Dín omi alẹ́ kù, jẹ́ kó tọ̀ kó tó sùn. Tó bá ti dáwọ́ dúró tẹ́lẹ̀ kó tó tún bẹ̀rẹ̀, tàbí tí ìtọ̀ ń dùn ún, gbé e lọ rí dókítà.

Ìyàwó Àlùfáà: Susanna, ìyá John Wesley tó dá ìjọ Mẹ́tọ́díìsì sílẹ̀, bí ọmọ 19, 9 nínú wọn kú ní kékeré. Wọ́n máa ń sọ pé ńṣe ló ń fa épúrọ́ọ̀nù bo orí láàárín àwọn ọmọ kó lè gbàdúrà. Ẹ má dúró de ìgbà tí ilé bá pa rọ́rọ́. Ní ti ìgbátí yẹn, ẹ bẹ ọmọ náà. Ẹ sọ ọ́ síta pé ẹ ṣẹ̀ ẹ́. Ẹnu tó bá sọ ìyẹn á lè pe Jésù.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣeun, Olúwa á bá mi san án fún yín. Mo ti bẹ̀ ẹ́. Ó dì mọ́ mi lọ́rùn, ó ní ṣé Jésù náà tọ̀ sílé rí nígbà tó wà ní kékeré. Mo ní Màríà ìyá rẹ̀ náà fọ aṣọ. Bàbá rẹ̀ gbọ́ wa láti inú yàrá, ló bá jẹ́wọ́ pé òun di ọmọ ọdún 9 kí tòun tó dáwọ́ dúró.