A fẹ́ lọ ṣe míṣọ̀n nílé ọmọ òrukàn lókè òkun: kí la máa múra sílẹ̀?

Adarí Ọ̀dọ́:
Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa, ẹ̀yin ará. Àwa méjìlá fẹ́ lọ ṣe iṣẹ́ míṣọ̀n fún ọjọ́ mẹ́rìnlá nílé ọmọ òrukàn kan lókè òkun. A fẹ́ máa bá wọn gbé àwọn ọmọ jòjòló, ká kọ́ àwọn tó dàgbà díẹ̀ lórin àti Bíbélì, ká sì kun ilé wọn lọ́dà. Oṣù méje ló kù. Abẹ́rẹ́ àjẹsára wo la máa gbà, ìwé wo la máa tọ́jú, kí ló sì máa ń da irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀ rú?

Nọ́ọ̀sì Àgbà:
Abẹ́rẹ́ hepatitis B, ìyẹn àrùn mẹ́dọ̀wú, ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mójú tó, torí kò ṣeé kánjú gbà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń gún un: èkejì lẹ́yìn oṣù kan, ẹ̀kẹta nígbà tí ti àkọ́kọ́ bá pé oṣù mẹ́fà. Ẹni tí kò bá gba ti èéyi rí máa gbà á lẹ́ẹ̀mejì, ó kéré tán kí ọjọ́ 28 wà láàárín wọn. Tí wọ́n bá ń béèrè ìwé abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú níbi tẹ́ ẹ̀ ń lọ, ọjọ́ kẹwàá lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ni ìwé náà tó wúlò. Ẹni tó bá dúró di ọ̀sẹ̀ ìrìn àjò lè má kọjá pápákọ̀ òfuurufú. Ẹni tó bá ti ń wúkọ́ ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, kó lọ ṣàyẹ̀wò ikọ́ fée (TB) kó tó wọkọ̀. Ẹni tó bá yàgbẹ́ gbuuru níbẹ̀ kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọmọ kankan títí wákàtí 48 yóò fi kọjá lẹ́yìn tó bá dáwọ́ dúró.

Olùtọ́jú Ọmọdé:
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ti gbígbé ọmọ jòjòló kúrò pátápátá. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló mú un wá, ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Ọmọ tó sáré tọ àlejò tí kò rí rí, tó dì mọ́ ọn lọ́rùn, kì í ṣe pé ara rẹ̀ yá mọ́ èèyàn. Ọwọ́ tó ti gbé e ti pọ̀ jù, kò mọ ẹni tó jẹ́ tirẹ̀. Tẹ́ ẹ bá gbé e fún ọ̀sẹ̀ méjì tẹ́ ẹ sì lọ, ẹ ti fi ìyapa mìíràn kún èyí tó ti rí. Ní Bucharest, olú ìlú Romania, àwọn olùwádìí tọ ipa ọmọ 136 tó wà nílé ìtọ́jú ọmọ: 68 lọ sọ́dọ̀ alágbàtọ́, 68 yòókù wà lábẹ́ ìtọ́jú tí wọ́n ń gbà tẹ́lẹ̀. Àwọn tó dọ́wọ́ alágbàtọ́ kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún méjì ló rí ẹni fọkàn tẹ̀ jù.

Ohun mìíràn tún ni pé ọ̀pọ̀ jù lọ ọmọ tó wà nírú ilé bẹ́ẹ̀ ni bàbá tàbí ìyá wọn ṣì wà láyé. Àìní ló gbé wọn débẹ̀. Níbi tí àlejò ti ń mówó wọlé, àwọn kan máa ń lọ gba ọmọ lọ́wọ́ òbí kí ilé wọn lè kún. Ọ̀rọ̀ yìí wà nínú ìpinnu tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe lórí ẹ̀tọ́ ọmọdé ní Dìsẹ́ńbà 2019. Ẹ béèrè ìwé àṣẹ ìjọba lọ́wọ́ ilé náà, ẹ béèrè ẹni tó fi ọmọ kọ̀ọ̀kan síbẹ̀, àti iye ọmọ tó padà sọ́dọ̀ ẹbí lọ́dún tó kọjá. Ilé tó bá ní kẹ́ ẹ máa bọ̀ láì béèrè ìwé ẹ̀rí ọlọ́pàá lọ́wọ́ yín, ẹ má débẹ̀.

Adarí Ọ̀dọ́:
Ẹ ṣeun. Ṣé ká má lọ mọ́ nìyẹn? Jákọ́bù 1:27 ló gbé wa dìde.

Olùtọ́jú Ọmọdé:
Ẹsẹ yẹn kan náà dárúkọ opó mọ́ ọmọ aláìníbaba. Tí opó bá rí owó iléèwé àti oúnjẹ, kò ní kó ọmọ rẹ̀ lọ fún ẹlòmíì. Ẹ wá ìjọ tó ń ṣèyẹn níbẹ̀, kẹ́ ẹ fi owó yín tì wọ́n lẹ́yìn.

Akápò Míṣọ̀n:
Tẹ́ ẹ bá ṣì máa lọ, ẹ yí iṣẹ́ padà. Ẹ fọ aṣọ, ẹ tún páìpù àti bẹ́ẹ̀dì ṣe, kí àwọn olùtọ́jú lè ráyè jókòó ti ọmọ. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó ń kunlé jẹun níbẹ̀ kùn ún, kẹ́ ẹ sì sanwó fún wọn. Orin àti Bíbélì, gbangba ni, kí òṣìṣẹ́ wọn sì wà níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni nínú yín ò gbọ́dọ̀ dá wà pẹ̀lú ọmọ kan. Ẹ má ya fọ́tò ojú ọmọ. Ẹ̀bùn, ọ̀dọ̀ alábòójútó ni kẹ́ ẹ kó o sí.

Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló ka iṣẹ́ ọ̀fẹ́ sí iṣẹ́, físà arìnrìn-àjò afẹ́ kò sì gbà á láyè. Ẹ bi ilé iṣẹ́ aṣojú wọn léèrè. Ẹ má tíì gba ìwé ọlọ́pàá báyìí, àwọn kan kì í gba èyí tó bá ti lé lóṣù mẹ́ta.

Ẹ má sì ṣèlérí pé ẹ máa padà wá. Láti ọjọ́ kìíní ni kẹ́ ẹ ti sọ ọjọ́ tẹ́ ẹ máa lọ fún àwọn ọmọ, kí olùtọ́jú wọn wà níbẹ̀ tẹ́ ẹ bá ń sọ ọ́.