Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: Adájọ́ yọ mọ́tò mi ní Ìpele 6, wọn ò tilẹ̀ fún un ní máàkì kankan

Ọmọ_Ìpẹ̀rù:
Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ilé o. Inú ń bí mi, mi ò ní purọ́. Ọ̀rọ̀ ìdíje Automation wa ni, géèmù kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe mọ́tò fún oníbàárà àfinúrò: Ìpele 6, ti Alhaja oníṣòwò gbànja ní Ṣágámù. Òru mẹ́ta gbáko ni mo fi ṣe mọ́tò yẹn. Ẹ́ńjìnnì 1.8, sílíńdà mẹ́rin, káàmù méjì lókè, fáàfù 16, agbára ẹṣin 168. Láti orí òdo dé kìlómítà 100 ní wákàtí, ìṣẹ́jú àáyá 8.1 péré. Àwọ̀ wáìnì, ó ń dán bí ẹni fi òróró pa á. Iwájú rẹ̀ nìkan, iná mẹ́rin àti ojú ihò atẹ́gùn tí mo fọwọ́ tò lọ́kọ̀ọ̀kan, wákàtí méjì ni mo lò nídìí ẹ̀.

Àǹtí Adájọ́ wò ó, wọ́n sì kọ ọ́ lójú gbogbo èèyàn pé "Alhaja ò lè lo èyí." Ó tán. Mọ́tò kan tó ń fi ìṣẹ́jú àáyá 17 rákò dé 100 ṣì wà nínú ìdíje, èyí tó rí bíi páálí bísíkíìtì yẹn. Tèmi ni wọ́n kọ́kọ́ yọ. Àbí torí pé mo gbé ipò kejì ní Ìpele 5 ni?

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀: báwo ni mo ṣe lè gbé máàkì Utility (ìwúlò) àti Offroad (ọ̀nà búburú) sókè láì ba iṣẹ́ ọwọ́ mi jẹ́? Mo ti ti Quality (ìdára iṣẹ́) gbogbo nǹkan dé +7, kò mira.

Bàbá_Gíà:
Àbúrò, pẹ̀lẹ́. O ròyìn iná iwájú, o ò ròyìn abẹ́ mọ́tò. Bọ́dì wo ni? Ilẹ̀kùn mélòó? Sípíríǹgì ẹ̀yìn ńkọ́? Táyà? Èló ni géèmù kọ sí i? Quality +7 kò lè sọ táyà pẹlẹbẹ di táyà oko. Owó ló ń fi kún un, àti wákàtí tí wọ́n á fi tò ó nílé iṣẹ́. Kọ́kọ́ dá gbogbo rẹ̀ padà sí 0 ká lè mọ ibi tí a dúró.

Àdùkẹ́_Òde:
Agbára ẹṣin 168, láti ru gbànja? Ó jọ pé o ò ka ìwé oníbàárà. Mo tún un kọ síbí fún ẹ: ọdún 1985. Ẹrù 350 kg láti inú oko lẹ́yìn Ìjẹ̀bú Igbó wá sí Sábó ní Ṣágámù. Èèyàn mẹ́rin, ìyá ọkọ Alhaja tí orúnkún ń dùn wà lára wọn. Ẹrẹ̀ nígbà òjò. Epo 91. Mẹkáníìkì abẹ́ igi ni yóò máa tún un ṣe. Owó ò gbọdọ̀ kọjá 12,500. Kó sì ṣeé gbé jáde lọ́jọ́ Ojúde Ọba. Fi eré sísá hàn mí níbẹ̀.

Ọmọ_Ìpẹ̀rù:
Ẹ̀gbọ́n Àdùkẹ́, mo kà á. Ẹ̀yin náà ti rí i pé Ojúde Ọba wà níbẹ̀, ta ló sì ń gbé páálí lọ Ojúde Ọba? Bàbá Gíà, táyà 205/50R15 ni, medium. Compression (bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń fún afẹ́fẹ́ àti epo pọ̀ tó) 10.8, redline (òpin yíyí ẹ́ńjìnnì ní ìṣẹ́jú kan) 7,400. Owó ò pọ̀ jù.

Bọ̀dá_Táyà:
"Owó ò pọ̀ jù" kì í ṣe nọ́ńbà o. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ti ibi táyà bẹ̀rẹ̀. 205/50R15: ẹsẹ̀ irin 15 jẹ́ mílímítà 381, ògiri táyà jẹ́ 102.5 lókè, 102.5 nísàlẹ̀. Gbogbo rẹ̀ 586. 185/75R14: 355.6, ògiri méjèèjì 277.5, gbogbo rẹ̀ 633. Dá ìyàtọ̀ yẹn sí méjì, mílímítà 23 àti ààbọ̀ nìyẹn. Ìyẹn ni pé táyà nìkan ti rẹ ikùn mọ́tò sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ kó o tó fọwọ́ kan sípíríǹgì. Ògiri pẹlẹbẹ yẹn náà ló ń jẹ máàkì Comfort (ìtura) rẹ, torí kò sí rọ́bà tí yóò gba kòtò mọ́ra. Mú 185/75R14, kó o sì yan irú táyà oko, èyí tí ojú rẹ̀ ò rí págunpàgun jù, torí ọ̀nà ọ̀dà ni Alhaja ń gbà láti Ìjẹ̀bú Òde dé Ṣágámù.

Písítìnì_Rẹ́mọ:
Mo fẹ́ mọ ohun tó o fi ignition timing (àkókò tí pílọ́ọ̀gì ń ṣáná) ṣe. 10.8 lórí epo 91, lọ́dún 1985, á nọ́ọ̀kì, epo á máa dá gbiná fúnra rẹ̀. Kó má bàa nọ́ọ̀kì, wàá ti fa timing sẹ́yìn, tàbí kó o gbé cam profile (bí káàmù ṣe ń ṣí fáàfù tó) ga kó lè tú ìfúnpá dànù. Bó o bá fa timing sẹ́yìn, agbára á lọ, epo á ṣòfò. Bó o bá gbé káàmù ga, agbára á sá lọ síbi tí ẹ́ńjìnnì ti ń yí kíákíá. Wo ojú ìlà torque (agbára ìyípo ẹ́ńjìnnì) rẹ níbi tó ti ń yí 2,000 ní ìṣẹ́jú kan, mo mọ̀ pé ó ṣófo. Ibẹ̀ gan-an ni ẹrù 350 kg nínú ẹrẹ̀ sì ti ń béèrè agbára. Fáàfù 16 pẹ̀lú káàmù méjì tún ń gbé owó àtúnṣe lọ sókè, mẹkáníìkì abẹ́ igi ò sì ní fẹ́ràn rẹ̀.

Lo bore (fífẹ̀ ihò sílíńdà) mílímítà 88, stroke (ìrìn písítìnì) 81: cc 1,971 nìyẹn, ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú Peugeot 504 oní-2.0. Irin dídà fún block àti head. Káàmù kan, fáàfù méjì fún sílíńdà kọ̀ọ̀kan. Compression 8.4. Cam profile 30. Kábúrétọ̀ kan ṣoṣo tó ní ojú méjì. Redline 5,200. Stroke 81 ní 5,200, písítìnì ń rìn ní mítà 14 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí ò ní fi ọwọ́ kan Reliability (àìtètè bàjẹ́) rárá.

Kẹ̀kẹ́Mẹ́rin_Àgọ́:
Gbogbo èyí dáa, ẹ̀ ń fi àkókò ṣòfò ni. Ẹrẹ̀ ni wọ́n sọ. Fi 4x4 sí i, Offroad á fò sókè, ọ̀rọ̀ tán.

Bàbá_Gíà:
Ọ̀rọ̀ ò tán. Owó 12,500 ńkọ́? 4x4 á fi gíà kejì, ọ̀pá iwájú àti ìwúwo kún un. Owó rírà á lọ sókè, owó àtúnṣe á lọ sókè, epo á lọ sókè. Mẹ́ta lára ohun tí Alhaja ń wò nìyẹn. Ẹ̀yìn ni kí wọ́n fi wà á, kí ẹ́ńjìnnì dùbúlẹ̀ gígùn, kí ó fi manual locker (ohun tó ń so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀ kí wọ́n jọ máa yí) sí i. Èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ tì nìkan ni, kò ní dààmú ẹnikẹ́ni lórí ọ̀dà.

Kẹ̀kẹ́Mẹ́rin_Àgọ́:
Ẹ̀gbọ́n, locker á fa mọ́tò jáde nínú ẹrẹ̀ tó dé kókósẹ̀. Èyí tó dé orúnkún ńkọ́?

Bàbá_Gíà:
Èyí tó dé orúnkún, Alhaja á dúró sílé. Ìwé náà sọ pé "ọ̀nà oko nígbà òjò", kò sọ pé odò. Bí ẹrù bá sì wà lẹ́yìn, ìwúwo ń tẹ táyà tó ń wa mọ́tò mọ́lẹ̀. Ìdí tí mo fi ní kó jẹ́ ẹ̀yìn nìyẹn, kì í ṣe iwájú. Bó bá jẹ́ iwájú ló ń wà á, ẹrù yẹn á gbé imú mọ́tò sókè, táyà á máa yí lásán.

Àdùkẹ́_Òde:
Ẹ dákun, ṣé ó ti sọ iye ilẹ̀kùn?

Bọ̀dá_Táyà:
Sípíríǹgì ẹ̀yìn náà, kò tíì sọ. Leaf spring (sípíríǹgì irin pẹlẹbẹ) ni kó lò. Owó rẹ̀ kò pọ̀, load capacity (ẹrù tó lè gbé) rẹ̀ sì ga jù ti gbogbo ìyókù lọ.

Písítìnì_Rẹ́mọ:
Mi ò gbà. Ìyá arúgbó tí orúnkún ń dùn ló jókòó sórí rẹ̀. Solid axle oní-coil ni, ọ̀pá kan tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀, lórí sípíríǹgì onílílọ́. Ẹ wo Peugeot 504 tí wọ́n tò ní Kàdúná nígbà náà: saloon ní ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tó ń dá rìn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe station wagon, wọ́n fi solid axle sí i, coil ni wọ́n sì gbé e lé. Àárín táyà iwájú àti ẹ̀yìn, 2.74 ni ti saloon, wọ́n fà á dé mítà 2.90. Pick-up nìkan ni wọ́n fi leaf spring sí. Àwọn tó ṣe mọ́tò yẹn mọ ìyàtọ̀ láàárín èèyàn àti sìmẹ́ńtì.

Bọ̀dá_Táyà:
Ó dáa, coil. Ṣùgbọ́n kó mú un le. Kó máa wo load capacity lójú ìwé suspension bó ṣe ń fà á, kó má dúró títí yóò fi kọjá 350 pẹ̀lú èèyàn mẹ́rin. Ká ní kìlò 70 fún ẹnìkọ̀ọ̀kan, 630 nìyẹn.

Ọmọ_Ìpẹ̀rù:
Ẹ ṣé gan-an. Àmọ́ solid axle á ba máàkì Sportiness (eré) mi jẹ́, 31 ni mo wà báyìí. Ǹjẹ́ kò sí bí mo ṣe lè fi double wishbone (apá tó ń jẹ́ kí táyà kọ̀ọ̀kan dá rìn) sílẹ̀ lẹ́yìn, kí n kàn mú sípíríǹgì le?

Àdùkẹ́_Òde:
Sportiness! Alhaja! Ta ló bi ẹ́ ní Sportiness?

Kẹ̀kẹ́Mẹ́rin_Àgọ́:
Kó kun ún ní àwọ̀ aṣọ regbérégbé, á dára lọ́jọ́ Ojúde Ọba.

Àdùkẹ́_Òde:
Ẹṣin ló ń jó lọ́jọ́ yẹn, mọ́tò kọ́. Kí Alhaja ṣáà sọ̀ kalẹ̀ nínú ohun tó mọ́ tónítóní ni. Interior Standard, kì í ṣe Premium, kásẹ́ẹ̀tì Basic, kúróòmù díẹ̀ ní báńpà àti etí wíńdò. Kúróòmù kò gba owó kankan nínú géèmù, ojú adájọ́ ló ń rí i. Galvanised steel lára bọ́dì náà, kó má dípẹtà. Ọmọ Ìpẹ̀rù, ilẹ̀kùn mélòó?

Ọmọ_Ìpẹ̀rù:
Méjì.

Àdùkẹ́_Òde:
Háà.

Bàbá_Gíà:
Ìyá arúgbó tí orúnkún ń dùn, kí wọ́n ká ìjókòó iwájú kó tó rá wọlé sẹ́yìn?

Ọmọ_Ìpẹ̀rù:
Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Bọ́dì tí mo lò ní Ìpele 5 ni, ti akẹ́kọ̀ọ́ Àgọ́ Ìwòyè tó fẹ́ mọ́tò eléré. Ó ti dára púpọ̀ jù láti jù nù. Mo tún un kùn, mo gbé e sókè díẹ̀, mo yí orúkọ rẹ̀ sí Gbànja GT. Iye rẹ̀ 15,900, àmọ́ Quality ló fà á.

Písítìnì_Rẹ́mọ:
Gbànja GT. Ẹ gbà mí o.

Àǹtí_Adájọ́:
Ẹ kú ìjókòó. Mo ti ń kà á láti àárọ̀, mo ní kí n má dá sí i. Mi ò yọ ẹnikẹ́ni. Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú mo kọ̀wé sí Ọmọ Ìpẹ̀rù ní ìkọ̀kọ̀ pé kó yí bọ́dì padà, kó sì mú owó wálẹ̀, àti pé àyè ṣì wà títí di agogo mẹ́wàá alẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Kò fèsì.

Ọmọ_Ìpẹ̀rù:
Mo rí i, Àǹtí. Inú ló ń bí mi nígbà yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú.

Bàbá_Gíà:
Ọ̀la ni ọjọ́ Ẹtì! Gbogbo àríyànjiyàn yìí, kí ló dé tó ò sọ ọ́? Ó yá, ṣí géèmù. Má fọwọ́ kan Gbànja GT mọ́, iṣẹ́ tuntun ni. Wá bọ́dì wagon onílẹ̀kùn mẹ́rin tí àárín táyà rẹ̀ súnmọ́ mítà 2.8, tó sì ti wà ṣáájú 1985. Monocoque (bọ́dì àti férémù jẹ́ ọ̀kan), má mú ladder (férémù ọ̀tọ̀ lábẹ́ bọ́dì), ìwúwo ẹ̀ á jẹ epo. Sípíríǹgì MacPherson níwájú, solid axle oní-coil lẹ́yìn. Ẹ́ńjìnnì bí Písítìnì ṣe sọ ọ́, táyà bí Bọ̀dá ṣe sọ ọ́.

Gíà mẹ́rin, ti ọwọ́. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú nìyí: wọ́n á jẹ́ kí géèmù yan top speed (eré tó ga jù), gíà kìíní á gùn bí igi àgbọn. Ìwọ fi kìlómítà 140 ní wákàtí sí i. Táyà yẹn ń rin bíi mítà 1.99 ní yíyí kan. Bí final drive (gíà ìkẹyìn tó ń yí táyà) bá jẹ́ 4.1, tí gíà kẹrin sì jẹ́ 1, 4,800 ni ẹ́ńjìnnì máa wà ní 140. Gíà kìíní ní 3.7 á parí ní bíi 41. Ìyẹn ló ń fa ẹrù gòkè nínú ẹrẹ̀ láì jó clutch.

Bírékì: díìsì níwájú, drum lẹ́yìn. Wo brake fade (bí bírékì ṣe ń rẹ̀ bó bá gbóná) ti Utility, má wo ti Sportiness. Bí ti Utility bá kọjá òdo, fi kún ìtóbi díìsì, má fi kún agbára tó ń tẹ̀ ẹ́. Bó o bá fi agbára kún un, táyà á há, fade á sì wà níbẹ̀ síbẹ̀. Kí àlàfo ikùn mọ́tò sí ilẹ̀ má dín sí 200. Ìgbẹ̀yìn ni kó o wá fọwọ́ kan Quality: +2 lára suspension, +1 nínú ilé mọ́tò, ó tó.

Kẹ̀kẹ́Mẹ́rin_Àgọ́:
Mo ṣì sọ pé 4x4.

Ọmọ_Ìpẹ̀rù (ọjọ́ Ẹtì, 9:21 alẹ́):
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ó ti parí. 1,971 cc, agbára ẹṣin 88 ní 4,800, torque 152 ní 2,400. Àlàfo 205. Load capacity 655. Owó 11,940. Brake fade Utility 0, lẹ́yìn tí mo gbé díìsì dé 265. Drivability (ìrọ̀rùn wíwà) fò sókè, mi ò mọ ìdí ẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá 14.9 dé 100, ó ń dùn mí ṣùgbọ́n mo ti gbà. Iná mẹ́rin iwájú ṣì wà níbẹ̀ o, mi ò lè yọ ìyẹn. Àwọ̀ wáìnì náà.

Bàbá_Gíà:
Ìdí Drivability ni pé o ti yọ agbára tí táyà ò lè gbé. Fi ránṣẹ́ kó tó di mẹ́wàá.

Ọmọ_Ìpẹ̀rù:
Mo ti fi fáìlì .car ránṣẹ́ sí Àǹtí.

Àǹtí_Adájọ́ (9:52):
Ó dé. Àmọ́ Gbànja GT lo tún fi ránṣẹ́, ilẹ̀kùn méjì. O ní ìṣẹ́jú mẹ́jọ.