Ó jẹ owó aṣọ ìkórè mi, ẹ̀gbẹ́ mi ló sì ń jókòó lọ́jọ́ Sọ́ńdè

Ìyá Ìbejì: Ẹ káàsán o. Obìnrin kan nínú ẹgbẹ́ akọrin wa gba ₦45,000 lọ́wọ́ mi lóṣù kẹta, pé òun á bá mi ra aṣọ ìkórè. Kò ra aṣọ, kò dá owó padà. Sọ́ńdè tó kọjá ló wá kúnlẹ̀ fún mi lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní ọmọ òun ni òun fi tọ́jú nílé ìwòsàn. Mo ní mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n tó bá ti gbé ohùn òkè báyìí, ṣe ni ọ̀fun mi ń dí. Kí ni kí n ṣe?

Bàbá Olùkọ́: Ẹ ka Mátíù 18 láti ẹsẹ 21. Ẹni tí wọ́n dárí gbèsè 10,000 tálẹ́ńtì, owó ńlá ayé ìgbà yẹn, jì ló ń fún ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́rùn nítorí 100 dínárì. Ẹ sì kíyè sí i, 100 yẹn kì í ṣe owó kékeré, iṣẹ́ 100 ọjọ́ ni. Ó dun ọkùnrin yẹn lóòótọ́.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi Bíbélì bo owó mọ́lẹ̀. Ṣebí Sákéù agbowó-òde inú Bíbélì náà ní òun á san owó tí òun bá fi èrú gbà padà ní ìlọ́po mẹ́rin! Ìyá Ìbejì, ẹ dárí jì í, kó sì máa san án díẹ̀díẹ̀.

Ìyá Ìbejì: Ẹ ṣé gan-an. Mo pè é lálẹ́ àná. ₦5,000 lóṣù ló lè san. Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí béèrè ọmọ. Ó ní ó ti ń jẹ ẹ̀kọ. Mi ò tíì lè bá a rẹ́rìn-ín o, àmọ́ mo ti gbé báàgì mi kúrò lórí àga rẹ̀.