Kúúṣì (ìlédìí ọmọ) olówó pọ́ọ́kú yìí, kí n máa lò ó lọ ni?

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ. Ọmọ mi pé oṣù márùn-ún, Àjàṣẹ́ níbí la wà. Kúúṣì tá a ń rà tẹ́lẹ̀ ti wọ́n jù, ni mo bá ra olówó pọ́ọ́kú kan lọ́jà Wàńdó, inú mi dùn bí ẹni jẹ tẹ́tẹ́. Lọ́sàn-án kò sí wàhálà, àmọ́ tó bá fi máa di aago mẹ́ta òru ẹ̀yìn ọmọ á ti tutù rinrin, rọ́bà rẹ̀ á sì ti fa ìlà pupa sí i nítan. Mo ra èyí tó tóbi sí i, ó ń jò lẹ́sẹ̀. Mo fi òrí pa á, pupa yẹn rọlẹ̀ díẹ̀. Ìyá ọkọ mi ní kí n padà sí àkísà (ta ló fẹ́ máa fọ̀ ọ́ nínú òjò yìí!). Ṣé kí n máa lò ó lọ́sàn-án nìkan ni àbí kí n kúkú pa á tì? Ẹ má bínú pé ó gùn, ẹ ṣé gan-an ni o.