Ṣọ́ọ̀bù àtijọ́ ní St. Louis: ẹ̀dínwó owó orí kí fèrèsé tó kúrò

Ọmọ Ọ̀fà: Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Fídáù màmá wa ló gbé mi wá sí Ọ̀fà. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì oníbíríkì tí mo rà ní St. Louis ní Amẹ́ríkà, ṣọ́ọ̀bù nísàlẹ̀, yàrá àyágbé lókè, agbaṣẹ́ṣe ní lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ òun á yọ gbogbo fèrèsé onígi, òun á fi oníke sí i. Àdúgbò náà wà lórí ìwé àdúgbò àtijọ́ ìjọba àpapọ̀. Ṣé òótọ́ ni pé ìjọba ń dín owó orí kù fún irú ilé bẹ́ẹ̀?

Ará Òmù-Àrán: Àbúrò mi, kí Ọlọ́hun forí jin màmá, kó fi Àlùjánnà ṣe ilé fún wọn. Òótọ́ ni, àmọ́ pe agbaṣẹ́ṣe yẹn lónìí, kó má fọwọ́ kan fèrèsé kankan! 20% owó àtúnṣe ni wọ́n ń yọ kúrò nínú owó orí rẹ, ọdún 5 ni wọ́n sì ń pín in sí. Fọ́ọ̀mù National Park Service, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń fọwọ́ sí irú iṣẹ́ yìí, ní apá 3, ọ́fíìsì ìpínlẹ̀ tó ń rí sí ohun àtijọ́ ló sì ń gbà á. Apá 1 ń fi hàn pé ilé rẹ wà lára ohun tó sọ àdúgbò náà di àtijọ́. Apá 2 ni iṣẹ́ tí o fẹ́ ṣe. Apá 3 di ìgbà tí iṣẹ́ bá parí. Bí iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ sí Apá 2, tí wọn ò sì gba ohun tí o ṣe, o lè pàdánù gbogbo rẹ̀.

Fèrèsé gan-an ni wọ́n máa ń wò fínnífínní. Èyí tó ṣeé tún ṣe, kí o tún un ṣe ni wọ́n ń fẹ́. Èyí tó ti jẹrà kọjá àtúnṣe, tuntun gbọ́dọ̀ jọ ọ́ ní ìwọ̀n, ní iye gíláàsì, títí dé ìnípọn igi tín-ín-rín tó pín gíláàsì sí méjì. Má sì jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀rọ fẹ́ iyanrìn lu bíríkì láti fọ̀ ọ́. Ojú bíríkì tí iná ti yan ló ń lé omi. Bó bá ti bó, ògiri á máa mu omi.

Ìyá Àjàṣẹ́: Iṣẹ́ mi nìyí, ẹ jẹ́ n ṣírò ẹ̀. Ká ní $180,000 lo rà á, kí ilẹ̀ jẹ́ $40,000 nínú ẹ̀. Ó ku $140,000. Yọ depreciation, ìyẹn iye tí ilé ń dín kù lọ́dọọdún, tí o ti kọ fún IRS, àjọ owó orí Amẹ́ríkà. Owó àtúnṣe gbọ́dọ̀ ju ìyókù lọ láàárín oṣù 24, torí náà ọ̀dà nìkan ò lè tó o. Tó o bá ná $160,000, $32,000 ni tìẹ, $6,400 lọ́dún. Owó tó o fi ra ilé àti ibi ìgbọ́kọ̀sí kò sí níbẹ̀. Missouri, ìpínlẹ̀ tí St. Louis wà, náà ní tiẹ̀, 25%. Má tà á kí ọdún 5 tó pé lẹ́yìn iṣẹ́ o, wọ́n á gba lára ẹ̀ padà.

Ọmọ Ọjà Ọba: Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì bàbá wa ní Ìlọrin ńkọ́?

Ìyá Àjàṣẹ́: Rárá o, ilé tó wà ní Amẹ́ríkà nìkan. Kódà níbẹ̀, ilé tí èèyàn kàn ń gbé fúnra ẹ̀ ò wọ̀ ọ́. Ó gbọ́dọ̀ máa pawó wọlé.

Ọmọ Ọ̀fà: Ẹ ṣé gan-an. Mo ti pè é, ó ti dúró. Ọmọ àǹtí mi á lọ ya fọ́tò lọ́la. Ṣé ti fóònù tó?

Ará Òmù-Àrán: Ó tó, bó bá ti mọ́lẹ̀. Kó ya fèrèsé lọ́kọ̀ọ̀kan, nínú àti lóde, kó kọ nọ́ńbà sí fọ́tò kọ̀ọ̀kan, kó sì sàmì sórí plan ilé ibi tó dúró sí àti ibi tó kọjú sí.