Ọdún Ìdúpẹ́ ni mo fara mọ́

Ẹ̀yin ará, ẹ kú àròjinlẹ̀. Àbá mẹ́ta ló wà nílẹ̀ lórí orúkọ tó yẹ kí á máa pe Thanksgiving àwọn ará Amẹ́ríkà: Ọjọ́ Ìkórè, Àjọyọ̀ Ìdúpẹ́ àti Ọdún Ìdúpẹ́. Ti ìkẹyìn yìí ni èmi fara mọ́.

Ẹni tó mú Ìkórè wá ní ẹ̀rí lọ́wọ́. Lẹ́yìn ìkórè ni àwọn àtìpó Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn Wampanoag, ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀, jọ jẹ àsè ọjọ́ mẹ́ta ní Plymouth, ní Amẹ́ríkà, ní 1621. Massasoit, olórí àwọn Wampanoag, kó nǹkan bí 90 ọkùnrin lẹ́yìn wá, wọ́n sì pa àgbọ̀nrín márùn-ún kún oúnjẹ. Ṣùgbọ́n Abraham Lincoln, ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, ló kéde ọdún tí wọ́n ń ṣe lónìí fún gbogbo orílẹ̀-èdè ní 1863. Ogun abẹ́lé ṣì ń jà nígbà yẹn, síbẹ̀ ó ní kí tọmọdé tàgbà fi ọpẹ́ fún Ọlọ́run. Òfin 1941 ló wá fi í sí Ọjọ́bọ̀ kẹrin oṣù kọkànlá.

Ìkórè sì ti ní ilé tirẹ̀ nínú èdè wa. Ẹ dárúkọ rẹ̀ fún ará Ìjẹ̀bú tàbí Èkìtì, ṣọ́ọ̀ṣì ló máa kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn: iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti adìyẹ níwájú pẹpẹ, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan tó ń jó wọlé pẹ̀lú ankọ́ọ̀, gbànjo lẹ́yìn ìsìn. Ní Houston, inú ilé ni ti Amẹ́ríkà ti ń wáyé. Tòlótòló á wà láàrin tábìlì, ànàmọ́ àti páì elégédé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nílé àwọn ọmọ wa, ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù àti mọ́ínmọ́ín kì í gbẹ́yìn. Ọmọ tó wà ní yunifásítì á wálé. Ọdún ló ń kó èèyàn wálé bẹ́ẹ̀, bí Iléyá àti Kérésì ṣe ń kó ará Èkó lọ sílé bàbá wọn. Ọdún náà ló ní ìkíni tirẹ̀: ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún. Kí la fẹ́ fi kí ara wa tó bá jẹ́ Ọjọ́? “Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta” ti ní iṣẹ́ mìíràn tó ń ṣe.

Àjọyọ̀ ló dùn mí jù. Láti 1970 ni àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà ti ń péjọ sí Plymouth lọ́jọ́ yìí gan-an, tí wọ́n ń ṣọ̀fọ̀ àwọn baba ńlá wọn àti ilẹ̀ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ wọn. Orúkọ tó ní gbogbo èèyàn ń jọ yọ̀ kò ka àwọn yìí kún. Ọdún gba tọ̀tún tòsì. Nínú ọdún Egúngún là ń rántí àwọn tó ti lọ.

Ẹnìkan bèèrè bóyá a ò ní ṣì í mú fún ìdúpẹ́ ọjọ́ Àìkú tó ń tẹ̀lé ìgbéyàwó tàbí ìsìnkú. Rárá o. Kò sẹ́ni tó ń pe ìyẹn ní ọdún.

Ní ti orúkọ tó yẹ kí á pe autumn, àkókò tí ewé ń já bọ́ lára igi lọ́hùn-ún, ìgbà ìwọ́wé tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má pè é ní ọyẹ́. Eruku àti ètè gbígbẹ ni ọyẹ́, òjò sì ń rọ̀ dáadáa ní Boston lóṣù kẹwàá.

Ti Kánádà nìkan ni mo lè gbà fún Ìkórè díẹ̀, torí ìkéde 1957 tó fi í sí ọjọ́ Ajé kejì oṣù kẹwàá dárúkọ ìkórè. Síbẹ̀, kí ẹ̀gbọ́n tó wà ní Toronto àti àbúrò tó wà ní Atlanta má lo orúkọ méjì: Ọdún Ìdúpẹ́ ti Kánádà, Ọdún Ìdúpẹ́ ti Amẹ́ríkà.